Ọba Tí Wọ́n Rọ̀ Lóyè Nínú Ọkọ̀

Ẹja kò tíì wọ inú ọkọ̀ tán tí ẹni tó pa á ti fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ nílé. "Ọba ni mo pa o!" Kò kúkú sọ àsọdùn. "Ọba" ni àwọn apẹja ń pe Chinook, salmon tó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn. Orí adágún Huron, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, ni wọ́n wà ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, ẹja ń dán bíi fàdákà, tótòtó dúdú sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìrù. Kí ló tún kù?

Ẹnu ẹja ló kù.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tu ọkọ̀ kàn rọra béèrè ni: "Ṣé o ti wo erìgì ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni? Àbí ẹ fẹ́ ká bi í lórúkọ bàbá ẹ̀?"

Dídán yẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Nínú adágún, nígbà tí àsìkò ẹyin kò tíì tó, aṣọ kan náà ni Chinook, coho, steelhead, brown trout àti Atlantic salmon ń wọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ odò lọ yé ẹyin ni coho tó máa pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí brown trout náà á wá jọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fi àwòrán ẹja tó ti múra ìgbéyàwó sọ́kàn lọ sórí adágún, àwọ̀ á tàn án jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ní ìdí mìíràn tó fi ń ṣiyèméjì. Huron kì í ṣe ààfin Chinook mọ́. Láti etí òkun Pacific ni wọ́n ti kó irú wọn wá sí Michigan, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà létí adágún náà, coho ní 1966, Chinook ní 1967, kí wọ́n lè jẹ alewife, ẹja kékeré àjèjì tó ti pọ̀ kọjá ààlà. Wọ́n sì jẹ ẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 2004, alewife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Huron, ebi sì lé ọba lórí ìtẹ́.

Wọ́n ya ẹnu ẹja. Ti Chinook, inú ẹnu dúdú, erìgì náà dúdú títí kan ìdí eyín. Ti coho, inú ẹnu dúdú, ṣùgbọ́n erìgì funfun tàbí kó rí bí eérú níbi tí eyín ti hù. Steelhead, ìyẹn rainbow trout tó lọ ń gbé inú omi ńlá, funfun ni gbogbo ẹnu tirẹ̀. Ẹnu ẹja tiwa yìí, àfi bí inú àgbọn.

"Òjìji ọkọ̀ ló bò ó," ni ọ̀gbẹ́ni wí, ó bá ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè fà á síbi tí oòrùn wà. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò mú un. Eyín trout kéré, ṣùgbọ́n ó mú. Igbe tó ké, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì ṣíwọ́ okùn fífà.

Ó sá lọ sídìí ìrù. Coho kì í ní tótòtó ju apá òkè ìrù lọ. Chinook ní i lókè nílẹ̀. "Ẹ rí i! Lókè nílẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ní ti steelhead náà wà lókè nílẹ̀, ó tiẹ̀ tò ní ìlà-ìlà ni.

Ó wá ku lẹbẹ abẹ́, èyí tó wà láàárín ihò ìdí àti ìrù. Tẹ́ ẹ bá na lẹbẹ yìí, ẹ ó rí egungun tín-ín-rín tó tò jọ nínú rẹ̀. Chinook sábà máa ń ní 15 sí 17, coho 13 sí 15, steelhead 10 sí 12. Kúkúrú iwájú tí kò dé etí lẹbẹ, a kì í kà á. Èyí tó kẹ́yìn tó là sí méjì, ẹyọ kan ni. Ọ̀gbẹ́ni kà á, ó pé 14. Ó tún un kà, 12. Ó fi ara balẹ̀, 11. Ẹja kan ṣoṣo o.

Fóònù dún. "Ọba yín ti ń bọ̀ nílé?"

"Wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè."

Ẹja kejì ló wá le jù, nítorí pé ẹnu rẹ̀ funfun, egungun lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 9, kò tó ti steelhead. Brown trout ni, àbí Atlantic? Níbí, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ pàápàá máa ń jiyàn. Párì òkè Atlantic sábà máa ń parí lábẹ́ ẹ̀yìn ojú. Ti brown trout máa ń kọjá ibẹ̀, àmọ́ brown tí kò tíì dàgbà kì í ní párì gígùn, nítorí náà ẹ má gbára lé e nìkan. Àjà ẹnu ló dájú jù: eyín àárín brown trout lágbára, ó tò wọ́gọ-wọ̀gọ ní ìlà méjì, ti Atlantic jẹ́ ìlà kan, kò sì lágbára.

Ọ̀gbẹ́ni wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti fi aṣọ wé. Kò wo ẹnu ẹja mọ́ láyé. Ọrùn ìrù ló yàn: ti Atlantic tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù sì fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ á lè dì í mú, ti brown trout ki, ó máa ń yọ̀ bọ́. Ó gbé ẹja jáde nínú àwọ̀n, ó dì í níbẹ̀, ó nà án sókè.

Ẹja bọ́ sómi.

"Brown trout ni! Ẹ ò rí i pé ó yọ̀!"

"Ọwọ́ tí o fi di ẹja àkọ́kọ́ tí o ò ṣàn," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn, "igi àjẹ̀ á yọ̀ bọ́ níbẹ̀. Àwòrán tó o yà ńkọ́?"

Mẹ́fà ló yà. Eyín ọ̀gbẹ́ni fúnra rẹ̀ ló hàn nínú gbogbo wọn.