Omi Ẹṣin Nígbà Òtútù

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń sin ẹṣin kan ṣoṣo ní Kábà, ránṣẹ́ pè mí pé ẹṣin náà kò mu omi láti àná. Mo ti ọwọ́ bọ inú korobá rẹ̀, omi náà sì tutù débi pé ó ta mí ní ìka. Ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀ kéré, ó gbẹ, ó sì le. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá ọmọ tuntun ni mo fẹ́ wẹ̀.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Alberta, ní ilẹ̀ Kánádà, mo bá àwọn kan tọ́jú ẹṣin fún ọdún méjì. Òtútù ibẹ̀ lè fi ìwọ̀n 30 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo ní oṣù kìíní, omi inú ọpọ́n á sì dì gbagidi mọ́jú. Àáké ni mo fi ń là á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rún rẹ̀ á máa ta sí mi lójú, mo sì ní láti kó àwọn ègé rẹ̀ dànù, nítorí bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn á tún lẹ̀ pọ̀ kí n tó padà dé. Síbẹ̀, ẹṣin mìíràn á fi ètè kan omi yẹn, á fọn imú, á sì yíjú kúrò.

Ẹṣin tó ti dàgbà a máa mu tó lítà 20 sí 40 lójúmọ́. Koríko tútù tó ń jẹ nígbà òjò, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú koríko gbígbẹ kì í sábà ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ìgbà tó yẹ kí ó mu omi jù gan-an ni òtútù ń lé e sẹ́yìn. Oúnjẹ gbígbẹ á sì há sí i nínú ìfun, inú rírun tó lè pa á á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí ó máa lá yìnyín fúlẹ́fúlẹ́ tó ń bọ́ sílẹ̀ bí òwú, àmọ́ nǹkan bíi korobá yìnyín mẹ́wàá ni yóò yọ́ kí ó tó di korobá omi kan. Ní Alberta, àwọn olówó ń fi ẹ̀rọ oníná mú omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní tiwa níbẹ̀, a máa ń gbé omi gbígbóná láti ilé ìdáná, a sì máa ń bu iyọ̀ díẹ̀ sí oúnjẹ àwọn ẹṣin kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n.

Omi kì í dì ní Kábà, ṣùgbọ́n pòròpórò ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí a ń fún ẹṣin nínú ọyẹ́ kò yàtọ̀ sí koríko gbígbẹ Alberta. (Kò yà mí lẹ́nu pé ìmọ̀ ẹṣin kò pọ̀ láàárín àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá agbègbè Kábà: nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó wa lẹ́rú ní ọ̀rúndún 19, orí òkè ni àwọn baba wa ń sá gùn.)

Bàbá gbà níkẹyìn, wọ́n da omi kẹ́tù kan sínú korobá náà. Ẹṣin gbóòórùn rẹ̀, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, etí rẹ̀ sì ń mì bó ti ń gbé e mì, títí omi fi lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n ní, "Ó dáa, ta ni yóò máa dá iná lárààárọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, igi ti wọ́n. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n máa fa omi kànga láàárọ̀, nítorí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju èyí tó sùn síta lọ, kí wọ́n sì máa da ti àná sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.