Kí ẹ tó kó ìwé òwò yín lọ sí kóòtù

Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ̀ pé a kì í bi ara wa ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ra aṣọ ní Ṣáínà. A máa jọ ṣe ìnáwó, a máa jọ ra aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n iye tí yáàdì kan ń bá ọ dé Èkó, inú ẹ ni kó gbé e sí. Nígbà tí ẹni tó ń bá mi bójú tó ṣọ́ọ̀bù kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà mi lọ, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, mo pè é lẹ́jọ́ ní Kóòtù Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọjọ́ tí lọ́yà bá pẹjọ́ gan-an ló máa kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àlàyé ẹ̀sùn, ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ fẹ́ lò. Ìnfọ́ísì yín, ìwé tó sọ iye tí ẹ ra ọjà, á ti wọ fáìlì kí adájọ́ tó rí yín sójú. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sì fàyè gbà á pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìjọba, irú èyí tó wà ní fáìlì kóòtù, lè sanwó gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń du ọjà náà ní lọ́yà o.

Torí ìyẹn ni mo ṣe ń bi lọ́yà mi lórí ìwé kọ̀ọ̀kan pé, "Sà, kí ni èyí fẹ́ jẹ́rìí sí?" Oníbàárà tí ẹni tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi kó lọ ni mo pè é lẹ́jọ́ sí, kì í ṣe iye tí mo ra aṣọ. Bí ìnfọ́ísì Guangzhou ṣe jókòó sílé nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n kóòtù tó tó èyí, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Àkọsílẹ̀ oníbàárà ni kò ṣeé fi sílé, òun gan-an ni ẹjọ́. Ẹ̀dà tí a ti fi íńkì dúdú pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ́ la fi sí fáìlì, a wá fi móṣọ̀nù bẹ adájọ́ pé kó gba odindi rẹ̀ nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Nínú àfidéfíìtì, ìwé ìbúra tó ń tẹ̀lé móṣọ̀nù, ẹ má kàn kọ "àṣírí òwò ni" kí ẹ dákẹ́. Kò sí òfin kan tó dá dúró fún àṣírí òwò ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ sọ ẹni tó ń rí ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ẹ ń tì í mọ́, àdéhùn tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí, àti ohun tí ẹ máa pàdánù bó bá lu síta.

Ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti gbogbo fáìlì pa. Ẹ̀ka 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Ó dárúkọ àwọn ohun tó lè mú kí wọ́n yọ ará ìta kúrò, bí ààbò ìlú, ọmọdé, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni, àti ìdí pàtàkì tí gbangba fi lè ba ìdájọ́ òdodo jẹ́. Kò dárúkọ òwò. Ìdí pàtàkì yẹn ni lọ́yà mi dì mú. Ará ìta nìkan ni ẹ̀ka náà sì ní adájọ́ lè lé jáde, kì í ṣe ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀. Wọ́n máa rí i. Ohun tí a tọrọ ni pé kí wọ́n má lò ó fún nǹkan míì yàtọ̀ sí ẹjọ́ náà.

Adájọ́ gbà fún orúkọ àti nọ́ńbà. Ó kọ̀ fún iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń rà, ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ ṣírò àdánù mi ní gbangba láìsí i? Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Tí ohun tí ẹ fẹ́ bò bá pọ̀ ju èyí lọ, ẹ wo Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti wà láti 2002. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà nínú yàrá, láìsí èrò.

Tí ẹ bá sì dé iwájú adájọ́, ẹ rántí pé àpòòwé kò lè di ẹnu ẹlẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sẹ́yìn kóòtù. Nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí mi búra sí, "Oníbàárà Kìíní", "Oníbàárà Kejì" la pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń pè wọ́n nígbà tí lọ́yà ẹni tí mo pè lẹ́jọ́ ń bi wá ní ìbéèrè.