Bàtà Tí Mo Fẹ́ Jù Nù

Ẹ̀yin èèyàn mi, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lálẹ́ àná!

Bàtà kánfáàsì mi kan ló lu níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí n jù ú nù ló kù, ni mo bá rántí àjákù àdìrẹ tí mo rà ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Mo gé e, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú kó má baà máa tú, mo wá ń fi ọwọ́ rán an mọ́ ojú ihò.

Háà! Abẹ́rẹ́ méjì ló kán. Ẹ̀kẹta gún mi ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí aṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ aró tó dúdú, kò hàn.

Màmá mi ń wò mí látorí àga. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, fi àbẹ́là pa òwú yẹn ná!" Mo fi pa á, òwú ò lọ́ pọ̀ mọ́, ó ń yọ̀ wọlé bí ẹni fi ilá pa á. Ibẹ̀ ni Màmá ti dá ọ̀rọ̀ àdìrẹ alábẹ́rẹ́ sílẹ̀: àwọn tó ń ṣe é á kọ́kọ́ fi òwú rán aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Tí wọ́n bá tú òwú yẹn, ojú ibẹ̀ á funfun. Màmá ní ìránṣọ tèmi kò tó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ ayé ìjọ́un. Ó dáa, ẹ ṣeun mà.

Láàárọ̀ yìí ní Pánṣẹ́kẹ́, ọmọbìnrin kan bi mí pé èló ni mo ra bàtà yẹn. Irọ́ ti dé ẹnu mi tán!

Ta ló ti rán bàtà rí níbí? Abẹ́rẹ́ mélòó ló kán lọ́wọ́ tiyín?