Odídẹrẹ́ tí wọ́n fún mi: ẹ jẹ́ kó mọ ọwọ́ yín ná kẹ́ ẹ tó ní kó sọ̀rọ̀

Gbogbo ẹni tó bá yà sílé mi ní Ṣágámù níbí, tí wọ́n bá ti rí kéèjì yẹn, "ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?" ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé kí ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ gan-an niṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀. Ẹyẹ tí ò tíì lè gba ẹ̀pà kan lọ́wọ́ yín láìbẹ̀rù, kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ?

Bàbá kan ládùúgbò wa ló fún mi, ọmọ wọn ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Kánádà, wọn ò sì lè gbé ẹyẹ dání. Torí náà mi ò rà á o, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ẹyẹ igbó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi igbó, ti ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni táá máa kó odídẹrẹ́ inú igbó lọ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́, torí wọ́n ti ń kó wọn tán. Àtè ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igi fi mú wọn, wọ́n á wá há wọn mọ́ inú àpótí, ọ̀pọ̀ ló ń kú sọ́nà.

Ẹ̀pà àti búrẹ́dì ló fi ń ṣayé ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ Bàbá. Kì í ṣe pé ẹ̀pà burú tán o, ọ̀rá ẹ̀ ló pọ̀ jù, kò sì ní káṣíọ́ọ̀mù (calcium, èròjà tó ń mú egungun le) tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ odídẹrẹ́ tiwa yìí gan-an nìṣòro káṣíọ́ọ̀mù máa ń bá jù, tó bá lọ sílẹ̀ lára ẹ̀ gìrì lè mú un, á ṣubú lórí igi tó bà lé. Ẹ̀pà tó bá tún ti hu ebu, májèlé ni. Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá ní kí n máa lọ èèpo ẹyin sísè kúnná sínú oúnjẹ ẹ̀, kí n sì máa gbé e síta kí oòrùn àárọ̀ rí i lára, torí láìsí oòrùn káṣíọ́ọ̀mù yẹn ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má kàn gba oúnjẹ tó mọ̀ lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣá, odídẹrẹ́ lágídí, ó lè febi pa ara ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń dín ẹ̀pà kù tí mò ń fi ọ̀dùnkún sísè, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ àti àgbàdo tútù sí i.

Ṣùgbọ́n ẹyìn ló gbayì jù! Ohun tí wọ́n ń jẹ nínú igbó nìyẹn kẹ́, ìyá tó ń ṣe epo lẹ́yìn ilé wa ló máa ń ṣa díẹ̀ fún mi, ẹ wá wò ó kó fi ẹsẹ̀ kan di ẹyìn mú kó máa bó o, epo á kún gbogbo ẹnu ẹ̀. Ata rodo náà, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́ o, àwọn àlejò á máa pariwo pé "ẹ fẹ́ pa á ni?" Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu rárá bó ṣe ń ta àwa.

Ohun tó léwu níbí ni obì. Ẹ mọ̀ pé ìlú obì la wà, kò sílé tí wọn ò ti ní gbé e síwájú àlejò, àlejò náà á wá fẹ́ fún ẹyẹ ní awẹ́ kan torí wọ́n rò pé àpọ́nlé ni. Káféènì tó wà nínú obì, kọfí àti tíì ò dáa fún ọkàn ẹyẹ rárá. Mo máa ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í jobì." Píà nìyẹn náà, ó lè pa á kíákíá, ṣokoléètì, àlùbọ́sà àti ọtí náà ń bẹ ńbẹ̀. Àti páànù dídúdú tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, tó bá gbóná jù, èéfín ẹ̀ máa ń pa ẹyẹ, nítorí ẹ̀ kéèjì ò gbọdọ̀ wà nítòsí ìdáná.

Ó ti wá kan kíkọ́. Kó tó jẹun àárọ̀, tí ebi ti ń pa á díẹ̀, mo máa ń jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré, màá mú ẹ̀pà dání (ẹ̀pà tí mo gbà lẹ́nu ẹ̀ yẹn ló ti di owó ọ̀yà báyìí), màá gbé ìka síwájú àyà ẹ̀ lókè ẹsẹ̀, màá ní "gùn ún". Tó bá gùn ún, ó gbẹ̀pà, tí ò bá gùn ún, mo kúrò ńbẹ̀, kò síjà. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹyinjú dúdú ẹ̀ ń fẹ̀ tó tún ń súnkì, tí ìyẹ́ ọrùn ẹ̀ dìde, ẹ kó ọwọ́ yín o, ó fẹ́ gé e jẹ nìyẹn. Ẹ má sì pariwo mọ́ ọn tó bá ń pariwo, òun rò pé ẹ̀ ń dá òun lóhùn ni, inú ẹ̀ á sì dùn.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, obìnrin onísáyẹ́ǹsì kan wà ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, tó ra odídẹrẹ́ kan lọ́dún 1977, Alex lorúkọ ẹ̀, kó tó kú lọ́dún 2007 ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó ju 100 lọ, ó mọ àwọ̀, ó sì ń kà dé mẹ́fà. Èèyàn méjì ló ń kọ́ ọ, wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀, ìlara á sì mú un. Òun lèmi àti àbúrò mi ń ṣe báyìí: màá gbé àgbàdo sókè, "kí nìyí?", àbúrò mi á ní "àgbàdo", màá fún un, á jẹ ẹ́, ẹyẹ á máa wò wá bákan. Kò tíì pe àgbàdo o, àmọ́ ó ti ń mú ohùn ẹ̀, dò-dò-re, dò-dò-re, láti àárọ̀ dalẹ́.

Èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ikọ́ Bàbá. Ó ń wúkọ́ bíi tiwọn gẹ́lẹ́, á tún pòṣé lé e. Nígbà tí Bàbá pè wá lórí WhatsApp tí wọ́n gbọ́ ọ, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ní ṣé mo mọ̀ pé ẹyẹ yẹn lè lò tó ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé òun ló máa jogún ẹ̀. Ó ní kí n yáa tètè máa kọ ọ́ lẹ́yìn ìwé ilẹ̀, kí n sì bá ìyá elépo sọ̀rọ̀ ẹyìn dáadáa.