Ọmọ wa wà n'Ìbàdàn, àwa wà ní Houston

Ọmọ mi ọkùnrin, tí a gbà ṣọmọ, ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Kóòtù ti fọwọ́ sí i pé ọmọ wa ni, orúkọ ọkọ mi ló wà níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá sí nínú ìwé rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì sun ilé wa rí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà l'Ókè-Àdó, n'Ìbàdàn. Èmi àti ọkọ mi àti Tómi, ọmọ wa obìnrin, wà ní Houston níbí, à ń retí físà rẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní iléèwé síbí. Àjàní ni oríkì tí ìyá ọkọ mi fún un lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jókòó lé itan wọn. Ohun tí màá máa pè é nìyẹn.

Àwọn tó ń bi mí léèrè ti pọ̀, ìbéèrè wọn sì jọra. Kí ló ń pẹ́ tó báyìí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i? Èkejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń dùn mí jù.

Níbi ìkómọ kan lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó fẹ́ràn mi gan-an fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun mọ ẹni tó lè bá wa gba sátífíkéètì ìbí, kí n ṣáà sọ pé ilé ni mo lọ bímọ sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ire ló ń fẹ́ fún mi. Mo sì mọ ohun tó ń gbé obìnrin dé irú ibẹ̀. Gbogbo wa la mọ àwọn tó di aṣọ mọ́ ikùn títí oṣù mẹ́sàn-án fi pé, a mọ àwọn tó kó kúrò ládùúgbò kí wọ́n tó lè gbé ọmọ wálé, nítorí ẹnu ayé. Lẹ́yìn tí mo bí Tómi, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ilé ọmọ mi. Mo mọ bí ìbéèrè "ìgbà wo la máa gbọ́ ìròyìn ayọ̀" ṣe ń rí létí ẹni tó ti mọ̀ pé kò sí ìròyìn kankan lọ́nà. N kò lè bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń já sí. Àwọn tó ń fúnni ní físà lè ní kí ìyá àti ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Bí àyẹ̀wò bá ní rárá, físà bọ́, ìwé ọmọ náà sì di ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà gbọ́ mọ́. Ká tiẹ̀ ní wọn ò béèrè, Àjàní fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ti tó ọmọ ọdún méjì kí àwọn ọlọ́pàá tó gbé e lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó rántí ibẹ̀. Ó rántí àǹtí tó máa ń wẹ̀ fún wọn, ó rántí pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì òun wà. Ṣé kí n wá wo ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí n sọ pé inú mi ló ti jáde?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà pa òwe fún wa lórí fóònù: "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Tómi ni wọ́n ní lọ́kàn, pé a ti ní tiwa. Èmi ò lè fèsì fún wọn. Ọkọ mi ló ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ méjì la ní báyìí, àwọn méjèèjì la ó sì wá ìlẹ̀kẹ̀ fún." Wọn ò sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, aṣọ Àjàní wà nínú ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ìyá mi.

Bàbá mi náà kò dàgbà lọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin kan ní Ọ̀yọ́ ló tọ́ wọn, bí a ṣe máa ń ṣe é: ẹnìkan bí i, ẹlòmíràn wò ó, kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé. Màmá yẹn ló sanwó iléèwé wọn, òun ló fẹ́yàwó fún wọn. Nígbà tí màmá kú, àwọn ẹbí tó ń pín ilé bi bàbá mi pé níbo ni wọ́n ti jẹ́ ọmọ olóògbé. Wọ́n dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìtàn yẹn wà lọ́kàn mi nígbà tí lọ́yà wa ní gbogbo ojú ewé ìwé Àjàní gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀. Mo fẹ́ òǹtẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá rẹ̀ ò bá sí mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìdí tó fi ń pẹ́. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wọnú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní The Hague ní 1993 lórí gbígba ọmọ láti ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, ọ̀nà tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún gbígba ọmọ aláìlóbìí la gbà: fọ́ọ̀mù I-600A fún àwa òbí, lẹ́yìn náà I-600 fún ọmọ. Láti 2014, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí àjọ tó ní ìwé àṣẹ wà nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Sóṣà wọ́kà wá sílé wa, ó wo yàrá, ó wo ìwé owó oṣù, ó bá Tómi sọ̀rọ̀ lóun nìkan. A lọ tẹ̀ka.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tí èmi àti ọkọ mi kò jù nù wúlò fún wa níbẹ̀. Òfin kan náà ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni fún oṣù mẹ́ta gbáko kí kóòtù tó lè fọwọ́ sí i. Mo gba ìsinmi tí kò lówó nínú lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lọ bá a gbé nílé ìyá mi.

Oṣù mẹ́ta yẹn ni mo di ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá mi kò bá a wí. Wọ́n kàn gbé agolo bisikíìtì síbi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó, wọ́n ní, "Àjàní ọkọ mi, tìẹ nìyí o, ìgbàkígbà tó bá wù ẹ́ ni kó o mú un." Ó kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́ tán lójúmọ́. Lójúmọ́ náà ni wọ́n ń kún un. Nígbà tó yá, bisikíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù sínú agolo, búrẹ́dì abẹ́ ìrọ̀rí sì dópin. Àwọn wẹ́fíà máa ń dé láì sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi í ohun tó jẹ láàárọ̀, wọ́n á wo ibi tó ń sùn. Lọ́jọ́ kóòtù, adájọ́ bi í pé ta ni mo jẹ́ sí i. Ó sá sẹ́yìn ìró mi, kò dáhùn. Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ibi tá a dé báyìí ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní I-604, tí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà l'Ékòó ń ṣe. Wọ́n ní láti rí i dájú pé aláìlóbìí ni ọmọ náà lóòótọ́ bí òfin tiwọn ṣe là á sílẹ̀, pé wọn ò rà á, wọn ò jí i gbé. Wọ́n lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè lọ sílé àwọn ọmọ, wọ́n lè lọ wo ìwé ní kóòtù. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Mo ń gbàdúrà kó yá, ṣùgbọ́n n kò ní gbàdúrà láé kí wọ́n má ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá Èkó kó obìnrin 19 àti ọmọ ọwọ́ mẹ́rin jáde nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń mú wọn bímọ fún títà. Iṣẹ́ ọmọọ̀dọ̀ ni wọ́n fi tan àwọn kan nínú wọn wá s'Ékòó. Ìyá ni gbogbo wọn. Bí ìyá kan bá ń wá Àjàní níbì kan, mo fẹ́ mọ̀ kí bàálù tó gbéra.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe dínà gbígba ọmọ láti Nàìjíríà ní 2021. Àbúrò mi obìnrin wà ní London, òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ nígbà náà. N kò lè kọ bí ó ṣe sunkún sórí fóònù lọ́jọ́ tó gbọ́. Nítorí tirẹ̀ pàápàá ni n kò fi ń ráhùn lórí ìwádìí: ìlẹ̀kùn tiwa kò tì nígbà tí tiwọn tì.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Bí aago kan òru bá lù níbí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méje àárọ̀ ni n'Ìbàdàn. Mo máa ń lo àkókò ìsinmi mi láti wò ó lórí WhatsApp bó ṣe ń de bọ́tìnì aṣọ iléèwé. Ó fẹ́ fúnra rẹ̀ dè é, kò fẹ́ kí ìyá mi ran òun lọ́wọ́. Ó máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ọ̀la ni?" N kì í dá ọjọ́ fún un. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Kì í ṣe ọ̀la. Tó bá ku ọ̀la, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

Tómi ra bàtà fún un lọ́dún tó kọjá, ó tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí yóò máa sùn lé. Ìyá mi a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé páálí, wọ́n á fi báírò yí i po, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ ti ju bàtà lọ. Tómi ti ní kí a fún ọmọ ẹlòmíràn, kí a ra òmíràn, ṣùgbọ́n kí a dúró títí físà á fi jáde.

Oṣù 15 ni ìtẹ̀ka wa fi ń ṣiṣẹ́, tiwa yóò sì parí ní oṣù Kejì. A ti kọ̀wé béèrè ọjọ́ tuntun. Lọ́yà n'Ìbàdàn ń bá wa gba ẹ̀dà ìwé kan lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Bí ìwádìí bá parí, dókítà tí wọ́n yàn ló kàn, lẹ́yìn náà físà IR-3, òun ló máa jẹ́ kó di ọmọ Amẹ́ríkà ní kété tó bá ti wọlé síbí. Èmi ni màá lọ mú un wá. Ọkọ mi ti ń tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀.