Ẹ̀bá Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, Níbi Tí Ogun Ti Gúnlẹ̀

Ẹja ló ń mú ọ̀pọ̀ ará Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èmi, ogun ló mú mi lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀sà ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí lóṣù karùn-ún ọdún 1892, kí wọ́n tó forí lé Ìjẹ̀bú-Òde, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀.

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí mo débẹ̀. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó ń ha ìpẹ́ ẹja, ìpẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá títí dé ìgúnpá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó bá mi júwe ibi táwọn sójà òyìnbó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ti òyìnbó ló yẹ kó o kọ́kọ́ bèèrè ni? Ti Kòsọ́kọ́ ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó, ogun táwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Ahóyaya. Wọ́n lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n dá Akítóyè tó ti jọba ṣáájú rẹ̀ padà. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé: kò ní du Èkó mọ́, kò ní ta ẹrú mọ́, Pálímà àti Lẹ́kí á sì jẹ́ èbúté rẹ̀. Ọdún 1862 ló padà sí Èkó, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ ò bá a lọ. Àwọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó ń bá Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ gbé títí dòní. Ọdún Káyókáyó tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ìrántí dídé Kòsọ́kọ́ ni.

"Lọ́jọ́ Káyókáyó," ìyá yìí ní, "kò sẹ́ni tó máa wọlé mi tí kò ní yó."

Ti 1892 ló dùn mí jù. Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò wọn pa, Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí wọ́n ṣí i. Àwọn Ìjẹ̀bú ní ìbọn lọ́wọ́, wọ́n sì dúró gbọn-in, àmọ́ kí ni ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan fẹ́ fi Maxim tó ń rọ̀jò ọta ṣe? Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, wọ́n pàdé ní Ìmàgbọn. Lọ́jọ́ kejì, sójà ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo ra ẹja méjì lọ́wọ́ ìyá. Ó gbàdúrà fún mi. Nígbà tí mo dé gáréèjì, ọmọ ọkọ̀ kan ń pariwo: "Ìjẹ̀bú-Òde! Ó ku ẹnì kan!"

Mo wọlé.