Ta lò ń bá ṣe àgúmẹ́ǹtì?

Sọ́ńdè tó kọjá nílé wa n'Íjẹ̀bú-Òde, màámi ń rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, àbúrò mi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló ń kọ́, ló bá pariwo pé "argument méjì ló fẹ́ o, ẹyọ kan ni mo fún un!" Màámi gbé ewùrà sílẹ̀: "Ta lò ń bá ṣe àgúmẹ́ǹtì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí láti kékeré, tí àgbà bá ti ní "mi ò fẹ́ àgúmẹ́ǹtì", kó o panu mọ́ ni, kódà kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹ. Ó máa ń dùn mí. Mo wá lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Látìn ni, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá kó tó wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1300 sí 1400. Ní Látìn, arguere ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn kéèyàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn kedere, kó mú ẹ̀rí wá, ó sì tún lè jẹ́ kó fẹ̀sùn kan èèyàn. Àwọn onímọ̀ èdè ní mọ̀lẹ́bí lòun àti argentum, ìyẹn fàdákà, nítorí dídán ni gbòǹgbò àwọn méjèèjì (ọ̀dọ̀ fàdákà yẹn náà ni Argentina ti rí orúkọ). Ẹ̀yìn ni ariwo àti ìbínú tó wọnú ẹ̀ dé.

Iyàn tiwa náà ńkọ́? Àwọn èèyàn á jiyàn bọ́ọ̀lù nídìí fẹ́ńdọ̀ láti àárọ̀, wọ́n á sì jọ gun ọ̀kadà kan náà relé.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ló ń pe ohun tí wọ́n bá fún fọ́ńkṣọ̀n (ìlànà tó ń gba nǹkan wọlé, tó sì ń mú èsì jáde) ní argument, ibẹ̀ làwọn oní-kọ̀ǹpútà ti mú un. Àbúrò mi fi gàrí tí màámi ń tà ṣàlàyé fún wọn: iye kóńgò ni ìkíní, iye owó kóńgò kan ni ìkejì, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò gbogbo ẹ̀. Màámi wò ó títí. "Tí mo bá sọ iye kóńgò tí mi ò sọ owó ńkọ́?" Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́, ló bá kọ ọ́ gàdàgbà pé "missing 1 required positional argument", ìyẹn ni pé argument kan tó pọn dandan ò sí níbẹ̀.

"Ó jàre," ni màámi wí, wọ́n sì padà sídìí ewùrà wọn.